Ẹsẹ̀ Òsì Bọ́ọ̀sì Àwọn Ọmọ

Àtìní, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà, 2025

Ẹsẹ̀ òsì ti bẹ̀rẹ̀. Kó-kó-kó. Ìgbà tí mo wa bọ́ọ̀sì sọ̀ kalẹ̀ lórí gọ́tà iwájú ilé àwọn Jael, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iléèwé tí mò ń gbé, ló kọ́kọ́ dún, mo rò pé àwọn ọmọ ló ń fi bàtà gbá ìdí àga. Mo ní, "Ta nìyẹn?" Gbogbo wọn dákẹ́, ó sì tún dún. Nígbà tí a dé kòtò tó wà lẹ́yìn Olósà ní Mushin, ó dún débi pé Salome, àǹtí tó máa ń jókòó ti àwọn ọmọ lẹ́yìn, gbé ojú kúrò lára fóònù ẹ̀. Kí Salome tó gbé ojú kúrò lára fóònù, ọ̀rọ̀ ti burú nìyẹn.

Òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀. Òjò yìí ló ń bo kòtò mọ́lẹ̀, èèyàn á rò pé omi lásán ni, táyà á kàn wọnú ẹ̀ gbì. Mo ti pe Ọ̀gá Tìrìmísíyù, mẹkáníìkì tó ń tọ́jú bọ́ọ̀sì ilé-ìwé wa. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́la.

Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń gbé ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn mọ́kànlá ni wọ́n lọ́dún yìí. Mi ò tíì fi ìkankan nínú wọn gbá nǹkan rí, mi ò sì ní bẹ̀rẹ̀ lásìkò yìí, lágbára Ọlọ́run.

Àlàrùbá, ọjọ́ kẹrin

Òní ni Tìrìmísíyù tó dé, kì í ṣe àná tó dá. Ó wọ abẹ́ bọ́ọ̀sì. Ó gé awẹ́ kan lára rọ́bà tó wà nínú táyà tó ti gbó, ó kùn ún ní gírísì, ó wé e mọ́ ibi tó ń dún, ó fi wáyà dì í gírígírí. Kò tó ogún ìṣẹ́jú. A jọ wa bọ́ọ̀sì yí àdúgbò po. Kẹ́kẹ́ pa.

"Ẹ rí i, Ìyá Bọ́ọ̀sì?" ó ní. "Rọ́bà lásán ló ń dà yín láàmú."

Mọ́mì Ọládèjì tó ni ilé-ìwé yọjú látojú fèrèsé ọ́fíìsì wọn, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà parọ́ fún ara mi tó bá yá: inú mi dùn.

Jímọ̀, ọjọ́ kẹfà

Iléyá. Ẹ̀gbọ́n mi ló pa àgbò, èmi ni mo ra ata. Ata rodo ti fẹ́ẹ́ wọ́n ju ẹran lọ! Òjò ò jẹ́ ká jókòó sí gbangba. A jẹ, a yó, mi ò rántí bọ́ọ̀sì rárá.

Àtàláátà, ọjọ́ kẹwàá

Ilé-ìwé wọlé lẹ́yìn ọdún. Bọ́ọ̀sì ò dún. Àmọ́ ó ń fà mí lọ sápá òsì. Mo bá tú ọwọ́ sílẹ̀ díẹ̀ lórí ìdarí ọkọ̀ níbi tí títì ti tẹ́jú, ló bá ń yà lọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí àgùntàn tó rí koríko. Nígbà tí mo já àwọn ọmọ sílẹ̀ tán, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo táyà. Ìta ẹ̀ ṣì ní ilà. Inú ẹ̀ lọ́hùn-ún ti jẹ, ó ń dán bí orí apárí.

Táyà kì í jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láìnídìí. Èyí tí mo mọ̀ nìyẹn, mi ò lọ síléèwé mẹkáníìkì kí n tó mọ̀ ọ́n. Mo pe Tìrìmísíyù.

"Ṣé ó ń dún?"

"Kò dún."

"Kí lẹ wá fẹ́ kí n wò?"

"Ẹsẹ̀ ẹ̀ ni kí ẹ wò. Ó ń jẹ táyà, ó sì ń fà."

"Ẹsẹ̀ tí kò dún!" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ lọ sinmi o jàre. Ẹran iléyá ló ń gùn yín."

Ẹran ń gùn mí? Èmi Bàṣírátù? Ó dáa. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, àmọ́ ohun tí ọkùnrin yìí ṣe gan-an nìyẹn. Ó pa ariwo, ó fi àìsàn sílẹ̀ nínú ilé. Mi ò gbà.

Àlàrùbá, ọjọ́ kọkànlá

Bí mo ṣe já àwọn ọmọ sílẹ̀ láàárọ̀, ọ̀dọ̀ Ìbíkúnlé ni mo wa bọ́ọ̀sì lọ. Òpópónà kejì sí tiwa ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọwọ́ ẹ̀ ni. Bó ṣe rí mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Bó ṣe gbọ́ pé ọ̀dọ̀ Tìrìmísíyù ni bọ́ọ̀sì wà, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ tí tíṣà bá lẹ́nu ọ̀nà.

"Àǹtí, ẹ má bínú sí mi. Ọkọ̀ tó bá wà lọ́wọ́ ọ̀gá kan, ọ̀gá míì kì í fọwọ́ kàn án, àfi tí ẹni àkọ́kọ́ bá yọ̀ǹda ẹ̀. Òfin ẹgbẹ́ wa ni. Wọ́n máa ti ṣọ́ọ̀bù mi pa."

Mo ní kí ni kí n wá ṣe? Kí n máa kó ọmọ mọ́kànlá kiri lórí òfin ẹgbẹ́? Mo ní òfin tiyín yìí, ṣé ó ní bíréèkì? Mo pariwo gan-an. Obìnrin tó ń ta mọ́ínmọ́ín ní ìta wá dúró wò wá.

Ìbíkúnlé wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Àǹtí, ọwọ́ mi ni ẹgbẹ́ dè. Wọn ò de ẹnu mi."

Ló bá dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́yìn, ó ń fi àgbọ̀n júwe fún mi. Ó ní kí n fi jáàkì gbé e kí táyà kúrò nílẹ̀. Kí n di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí n máa tì í, kí n máa fà á. Tó bá ń mì, nǹkan ti jẹ níbẹ̀. Ó ní kí ẹnì kan wá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kí n tún mì í. Tí mímì yẹn bá dáwọ́ dúró, bíárìn tó ń jẹ́ kí táyà máa yí ni. Tó bá ṣì ń mì, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ni, ìyẹn irin olórí róbótó tó so táyà mọ́ apá ọkọ̀ nísàlẹ̀.

"Tó bá wá jẹ tán ńkọ́?" mo ní.

Ó mú ọwọ́ kúrò lẹ́yìn fúngbà àkọ́kọ́. Ó di ọwọ́ ọ̀tún ní ìkúùkù, ó fi àtẹ́lẹwọ́ òsì bò ó. "Báyìí ló ṣe wà." Ó wá fa ìkúùkù náà yọ lójijì. "Táyà máa ṣubú sínú, ìdarí á kúrò lọ́wọ́ yín. Kì í sọ fúnni tẹ́lẹ̀, Àǹtí."

Mo wa bọ́ọ̀sì délé bí ẹni gbé ẹyin sórí, síbẹ̀ mo tún ní láti lọ kó àwọn ọmọ lọ́sàn-án. Mo rìn jẹ́jẹ́ títí tí kẹ̀kẹ́ Márúwá fi ń sáré kọjá lára mi tó ń bú mi.

Àlàmísì, ọjọ́ kejìlá

Họ́lídè Ọjọ́ Ìjọba Àwarawa. Ẹnu mi ló kó bá mi. Dípò kí n kọ́kọ́ dá dán an wò, mo pe Mọ́mì Ọládèjì wá láti Súrùlérè, mo pe Tìrìmísíyù, mo ní kí Salome wá tẹ bíréèkì. Gbogbo ará ilé wa jáde sí àgbàlá bí ẹni pé eré ni mo fẹ́ ṣe. Mo so gèlè mọ́ ìdí. Mo ki jáàkì sábẹ́ apá ọkọ̀ tó di táyà mú, ibi tí gbogbo wa máa ń kì í sí láti ọjọ́ tí ìpẹtà ti jẹ irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tán. Mo gbé e. Mo di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀.

Kò mì. Mo tì í, kò mì. Mo fà á títí egungun ẹ̀yìn mi fi ké, gbagidi ló dúró. Salome ní, "Mà, ṣé kí n tẹ bíréèkì?" Mo ní kó tẹ̀ ẹ́. Kí ni bíréèkì máa dá dúró lára ohun tí kò mì?

Tìrìmísíyù ò bú mi. Ká ló bú mi ni, ì bá sàn. Ó kàn gbọn ọwọ́ ẹ̀ nù, ó ní, "Ẹ kú ọdún o," ó sì ń lọ.

Mọ́mì Ọládèjì gbé báàgì wọn. "Bàṣírátù, o mú mi kúrò nílé lọ́jọ́ ìsinmi. Lọ́la, o máa wa bọ́ọ̀sì yẹn, tàbí kí o kó kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wá. Christopher tóun náà mọ ọkọ̀ wà ti ń bẹ̀ mí fún iṣẹ́ láti oṣù tó kọjá."

Ojú tì mí. Ojú tì mí gan-an, mi ò ní purọ́. Àmọ́ táyà yẹn ṣì jẹ nínú.

Jímọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Mo ro ó títí ilẹ̀ fi mọ́. Tí mo bá wà á, mo ti gbà pé irọ́ ni mo pa. Tí mo bá sì kó kọ́kọ́rọ́ fún Christopher, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, àwọn ọmọ á tún wà nínú bọ́ọ̀sì kan náà, ẹlòmíì ló kàn máa gbé wọn. Kí ni mo wá ṣe fún wọn? Mi ò ṣe méjèèjì.

Mo ti bọ́ọ̀sì pa sí àgbàlá. Mo ju kọ́kọ́rọ́ sínú kọ́mú. Mo tú okùn tí mo fi ń sáṣọ, mo ká a sọ́wọ́, mo jáde láago mẹ́fà. Ilé kan sí òmíràn ni mo ń lọ, mo ń kan ilẹ̀kùn.

Bàbá Jael jáde tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì. "Ìyá Bọ́ọ̀sì, bọ́ọ̀sì dà?"

"Ara ẹ̀ ò yá."

"Owó bọ́ọ̀sì tí a san ńkọ́?"

"Bí owó yín lẹ bá fẹ́, ẹ lọ bá Mọ́mì Ọládèjì. Bí ọmọ yín lẹ bá fẹ́, ẹ fún mi lọ́wọ́ ẹ̀ kí n dì í mú."

Ó wọlé lọ mú ọmọ jáde, ó sì fún un ní agbòjò tiẹ̀.

Bí a ṣe ń lọ nìyẹn. Ọmọ mọ́kànlá di okùn mú, èmi níwájú, Salome lẹ́yìn. Ọpẹ́ ni pé a ò ní títì ńlá kankan láti dá kọjá kí a tó dé Ìdí-Àràbà tí ilé-ìwé wà. Aneesah, ọmọ Tìrìmísíyù fúnra ẹ̀, ló wà nítòsí mi jù, ó mú okùn lọ́wọ́ kan, ó mú ìró mi lọ́wọ́ kejì. Ọlọ́kadà ń yà fún wa. Àwọn ìyá tó ń gbá ìta ń béèrè pé, "Ibo lẹ ń kó wọn lọ?" Àwọn ọmọ ń dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Iléèwé!" Pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ kun ìbọ̀sẹ̀ gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó pẹ́.

Mọ́mì Ọládèjì dúró ní géètì, wọ́n lanu sílẹ̀.

"Bọ́ọ̀sì dà?"

"Ó wà nílé mi, Mà."

"Kọ́kọ́rọ́ dà?"

"Ó wà láyà mi. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó wá mú un."

Salome fi ọwọ́ bo ẹnu. Mọ́mì yíjú padà, wọ́n wọlé. Bí mo ṣe ń kọ èyí, àtẹ́lẹsẹ̀ ń ta mí, mo sì tún ṣe tán láti rìn ín.

Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá

Òjò ńlá. Láàárọ̀, Ìbíkúnlé wá kí mi, ó dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́yìn.

"Àǹtí, mo gbọ́ pé kò mì."

"Kò mì. O ti fi mí ṣe ẹlẹ́yà ní gbogbo Olósà."

"Níbo lẹ ki jáàkì sí?"

"Abẹ́ apá ni. Níbo ni gbogbo èèyàn ń kì í sí?"

"Yéè!" Ó figbe ta. "Ẹ̀bi mi ni. Mi ò sọ ìyẹn fún yín."

Ó ní tí jáàkì bá wà lábẹ́ apá, gbogbo ìwúwo ọkọ̀ ló ń ti orí bọ́ọ̀lù yẹn mọ́ inú ilé ẹ̀. Bó ti wù kó jẹ tó, kò ní mì. Ó ní ẹsẹ̀ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ so rọ̀ kí àìsàn tó farahàn. Àmọ́ ta ló ń fi jáàkì gbé ọkọ̀ lára irin ẹ̀gbẹ́ lágbègbè Mushin? Ọdọọdún ni omi ń jẹ irin ẹ̀gbẹ́ wọn, tí èèyàn bá ki jáàkì síbẹ̀ á kàn wọlé bí ọ̀bẹ inú búrẹ́dì. Gbogbo wa ló sá lọ sábẹ́ apá, àti awakọ̀, àti mẹkáníìkì, àti baba àwọn mẹkáníìkì. Ọdún mélòó ni a ti ń mi táyà tí a dì mọ́lẹ̀ fúnra wa!

Mo wá igi pákó kan tó nípọn. Lábẹ́ irin ńlá tó gbé ẹ́ńjìnnì, níbi tí kò tíì jẹ, ibẹ̀ ni mo fi pákó sí, mo ki jáàkì sábẹ́ ẹ̀. Táyà gòkè, ẹsẹ̀ so rọ̀. Mo dì í mú. Mo tì í.

Kọ́.

Mo fà á. Kọ́.

Mo pe Salome lórí fóònù, ó sáré dé nínú òjò láti Ìdí-Orò, ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ tagbára-tagbára. Mo tún tì í. Kọ́. Pẹ̀lú gbogbo rọ́bà àti wáyà tí wọ́n fi dì í, ó ṣì ń mì. Mo pariwo débi pé ọmọ tó ń sùn nílé kejì jí. Ìbíkúnlé fẹ́ẹ́ jó, àmọ́ ọwọ́ ẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn.

"Ṣé kí n gé rọ́bà yẹn?" mo ní.

"Ẹ má dán an wò! Ọ̀gá Tìrìmí ló dì í, ọ̀gá Tìrìmí ló máa tú u. Lójú ẹgbẹ́."

Àtìní, ọjọ́ kẹrìndínlógún

A tún rìn. Àwọn mẹ́sàn-án péré, àwọn òbí méjì ní àwọn ò ṣe irú eléyìí. Ó dùn mí, àmọ́ mi ò bú wọn.

Lọ́sàn-án, Christopher wá. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi dáadáa. "Àǹtí, ẹ má bínú, wọ́n ní kí n wá gba kọ́kọ́rọ́."

Mo tún fi jáàkì àti pákó gbé bọ́ọ̀sì sókè, mo ní, "Màá fún ẹ. Kọ́kọ́ mi táyà yìí."

Ó mì í. Ó wò mí lójú. Ó tún mì í. Ó dìde, ó gbọn orúnkún ẹ̀ nù. "Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ yín sí àyà, Àǹtí," ó ní, ó sì bá tiẹ̀ lọ.

Àtàláátà, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ mẹkáníìkì ń ṣe ìpàdé. Mo lọ. Obìnrin kan ṣoṣo láàárín ọkùnrin bí ogójì, gbogbo ilé ń rùn fún ọ́ìlì. Wọn ò tiẹ̀ kọ́kọ́ béèrè nípa bọ́ọ̀sì. Ẹjọ́ Ìbíkúnlé ni wọ́n kọ́kọ́ dá. Wọ́n ní ó fọwọ́ kan iṣẹ́ ẹlòmíì.

"Mi ò fọwọ́ kàn án," Ìbíkúnlé ní.

"Ta ló wá fọwọ́ kàn án?"

Mo dìde. "Èmi ni. Ẹ gba ìtanràn lọ́wọ́ mi."

Alága wọn, bàbá àgbàlagbà kan, wò mí láti ẹsẹ̀ dé orí. "Ìyá, ẹ kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́."

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Òfin yín ò mú mi nìyẹn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Tìrìmísíyù ò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó ní èmi ni mò ń ba òun lórúkọ jẹ́ káàkiri, ó ní òun ti wà nídìí iṣẹ́ yìí kí n tó mọ ọkọ̀ wà. Òótọ́ ni. Mo sì sọ fún un lójú gbogbo wọn pé òótọ́ ni.

"Ọ̀gá Tìrìmísíyù, mi ò sọ pé ẹ ò mọṣẹ́. Ìbéèrè kan ni mo ní. Aneesah, ṣé ó máa wọ bọ́ọ̀sì yẹn lọ́la?"

"Kí ló máa ṣe é? Ṣé kì í wọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀ ni?"

"Ó dáa. Ẹ wá tú rọ́bà yẹn lójú mi."

Gbogbo ìpàdé bá ṣí lọ sí àgbàlá wa. Tìrìmísíyù gbé jáàkì, ó ń kì í lọ sábẹ́ apá. Mo ní, "Rárá o." Mo ti pákó sí i lọ́wọ́, mo nawọ́ síbi irin ńlá. Ó wo Alága. Alága ní kó ṣe bí obìnrin náà ṣe wí. Ó gbé e. Ó gé wáyà, ó tú rọ́bà, ó jù ú sílẹ̀. Ó mú ọ̀pá irin, ó kì í sáàárín apá àti ẹsẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tó kàn fẹ́ parí àríyànjiyàn.

Orí bọ́ọ̀lù fò yọ nínú ilé ẹ̀. Táyà ya sínú, ó so kọ́ bí ọwọ́ tó kán.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ló tẹ̀ ẹ́ o. Kòtò tó wà lẹ́yìn Olósà nìkan lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tìrìmísíyù jókòó sílẹ̀ nínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ tòun ti aṣọ ìpàdé. "Ọmọ mi," ó ní. Mo ti ń kó ọ̀rọ̀ pamọ́ fún un láti ọjọ́ kẹwàá, gbogbo ẹ̀ ló gbẹ lẹ́nu mi. Mo fún un lómi.

Ẹgbẹ́ ní kó fi tuntun sí i, kì í ṣe tòkunbọ̀, láti àpò ara ẹ̀. Wọ́n tún ní kí Ìbíkúnlé ra kíréètì mínírà kan nítorí ó tú àṣírí iṣẹ́ fún kọ́sítọ́mà. Ẹ gbà mí! Ó gba ọmọ là, wọ́n tún ní kó ra mínírà! Mo dúró títí mínírà fi dé, mo sì mu Fáńtà kan nínú ẹ̀ lójú wọn.

Àlàrùbá, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo ka ọjọ́ tí mo fi gbé wọn. Ọjọ́ kẹrin lọ́sàn-án. Ọjọ́ karùn-ún. Ọjọ́ kẹwàá. Ọjọ́ kọkànlá. Lọ́jọ́ mẹ́rin yẹn, lórí rọ́bà àti wáyà ni mo ti ń gbé wọn kiri, mo ń kọrin pẹ̀lú wọn. Kì í ṣe Tìrìmísíyù ló di ìdarí mú. Èmi ni. Ó dákẹ́, èmi náà gbà pé ó ti san.

Mọ́mì Ọládèjì pè mí sí ọ́fíìsì. "Bàṣírátù, má bínú sí mi."

Mo ní mi ò bínú. Mo ní màá padà sídìí bọ́ọ̀sì, àmọ́ gbogbo Sátidé ni màá máa gbé e sókè wò, ọjọ́ tí mo bá sì ní bọ́ọ̀sì ò lọ, bọ́ọ̀sì ò lọ.

"Ta ló fún ẹ láṣẹ yẹn?"

"Àwọn mọ́kànlá."

Wọ́n ní kí n jókòó. A ò tíì jọ jókòó ní ọ́fíìsì yẹn rí láti ọdún mẹ́fà.

Jímọ̀, ogúnjọ́ oṣù kẹfà

Àná ni Tìrìmísíyù fi ṣiṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́. Ó yọ ti ọ̀tún náà, ó fi tuntun sí i, ó ní òun ò fẹ́ gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Láàárọ̀ òní, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán, mo jáde sí àgbàlá, mo bá a níbẹ̀. Aneesah dúró tì í nínú aṣọ iléèwé, ó ń sùn lórí ìdúró. Bọ́ọ̀sì ṣì wà lórí jáàkì, lábẹ́ irin ńlá, pákó láàárín. Ẹsẹ̀ òsì so rọ̀.

"Ẹ ò tíì sọ̀ ọ́ kalẹ̀?" mo ní.

"Mò ń dúró dè yín ni. Ẹ kọ́kọ́ wò ó, kí ọmọ mi tó wọ̀ ọ́."

Mo kúnlẹ̀. Mo di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀. Mo tì í, mo fà á. Mo mú un lápá ọ̀tún àti lápá òsì, mo mì í. Mo ní kó lọ tẹ bíréèkì, ó lọ tẹ̀ ẹ́. Ó dá mi lójú, síbẹ̀ mo tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè, nítorí mo ti rí bí ó ṣe di ọwọ́ ọmọ yẹn mú.

Kò mì.

Mo dìde, mo nu ọwọ́ mi sára ìró.

"Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ gbé ọmọ yín wọ bọ́ọ̀sì," mo ní.